Ọkọ̀ akẹ́rù, ọjọ́ 12, erékùṣù Marquesas: ìsinmi ni àbí ìyà?

Ìbéèrè láti Houston:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Èmi àti ìyàwó mi máa pé ọdún 25 tí a ti ṣègbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń fi owó pamọ́ de ọjọ́ náà. Ìyàwó mi rí fídíò ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń gbé èrò pẹ̀lú, tó ń jẹ́ Aranui, tó máa ń gbéra ní Tahiti, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Faransé ní agbami Pàsífíìkì, lọ sí àwọn erékùṣù Marquesas, ọjọ́ 12 lórí omi. Ó ní ibẹ̀ gan-an lòun ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká yéé fowó ṣòfò, pé ta ni yóò sanwó kí wọ́n wá kó òun pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì àti àpò ìrẹsì? Ó ní ká lọ sí Bora Bora, erékùṣù ìgbafẹ́ kan lápá ibẹ̀, ká gba ilé orí omi, ká sùn dáadáa. Ìyá mi tó wà n'Ìbàdàn, ẹni ọdún 74, ti gbọ́ sí i, ó ní òun náà ń bá wa lọ. Ìyàwó mi ò mọ̀wẹ̀. Ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà lèmi àti ìyàwó mi ní, ti Nàìjíríà ni ti Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lọ rí kó là wá lọ́yẹ̀.

* * *

Àbúrò, ẹ gbọ́ ti ìyàwó yín. Mo ti wọ ọkọ̀ náà. Ọdún 2023 ni, kò pẹ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi la jọ lọ. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn tó ń bú ọkọ̀ yìí kò mọ̀ ọ́n. Aranui 5 ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2015 ló bọ́ sójú omi, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 126. Iwájú ni wọ́n ń kó ẹrù sí, kíréènì dúró gàgàrà síbẹ̀. Ẹ̀yìn ni yàrá èrò wà, àti ilé oúnjẹ, àti adágún ìwẹ̀ kékeré kan. Ó lè gba bí èèyàn 250. Láti ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ tó ni ín ti ń gbé arìnrìn-àjò mọ́ ẹrù. Àwọn ọkọ̀ tó jẹ́ orúkọ yìí ṣáájú rẹ̀ ti ń ná ọ̀nà yẹn tipẹ́. Ọ̀nà ńlá ni Aranui túmọ̀ sí lédè wọn, orúkọ náà sì bá a mu. Marquesas tó bí kìlómítà 1,400 sí Tahiti, lápá àríwá ìlà-oòrùn. Erékùṣù mẹ́fà ni èèyàn ń gbé níbẹ̀, gbogbo wọn lápapọ̀ lé díẹ̀ ní 9,000. Láti orí páànù ìbolé dé orí mọ́tò, omi ló ń gbé e dé.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ọjọ́ ọjà ni. Ní Hakahau, ní erékùṣù Ua Pou, mo dúró lórí afárá èbúté mo ń wo obìnrin kan tó wá gba fìríìjì. Ó ti mú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin wá. Wọ́n là á lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè rí i bóyá nǹkan kan ti fọ́ lára rẹ̀, ni gbogbo wọn bá ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn ọkùnrin ń kó àpò àgbọn gbígbẹ sínú àwọ̀n, kí kíréènì lè gbé e wọkọ̀ lọ fún àwọn tó ń fún òróró ní Papeete, olú ìlú Tahiti. Kò sí ẹni tó ń wo àwa àlejò. A dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a má baà dí ọ̀nà.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín kà sí àbùkù gan-an ni mo sanwó fún. Níbi tó bá jẹ́ pé èrò nìkan ni ọkọ̀ ń gbé wá, àwọn aráàlú á jáde wá nítorí owó àlejò, ijó á bẹ̀rẹ̀, ìlù á dún, lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta gbogbo rẹ̀ á ti parí. Ọkọ̀ ẹrù ní tirẹ̀, àwọn aráàlú ló ni ín. Àwa la bá a rìn.

* * *

Mo rí i pé ẹni mẹ́fà ti dá sí ọ̀rọ̀ náà láti àná, ẹni mẹ́rin nínú wọn gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n. Kókó ọ̀rọ̀ wọn ni pé ìsinmi ni ìsinmi ń jẹ́: kí èèyàn sùn, kó jí, kó rí omi aláwọ̀ ojú ọ̀run lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kó má gbọ́ ariwo kíréènì láago mẹ́fà àárọ̀. Ẹnì kan láti Toronto ní òun lo ọjọ́ márùn-ún ní Bora Bora, òun ò sì ní gbàgbé e láéláé.

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Bora Bora dára lójú. Ọ̀sà rẹ̀ mọ́ débi pé ẹ máa rí òjìji ọkọ̀ yín nísàlẹ̀ omi. Àmọ́ nígbà tiwa, Aranui fúnra rẹ̀ yà níbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan kó tó padà sí Papeete, ọjọ́ kan náà sì tó mi. Ní tèmi, ilé orí omi yẹn kò yàtọ̀ sí ilé orí omi tó wà níbòmíràn láyé. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ kì í mọ ẹni tó ń gbé ní abúlé òdìkejì.

Ẹlòmíì dárúkọ ọkọ̀ Paul Gauguin, ó ní ìyẹn náà ń rìn láàárín àwọn erékùṣù, ó sì gbayì jù. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ afẹ́ pọ́ńbélé ni, ó ń gba bí èrò 330, Moorea, Huahine, Taha'a àti Bora Bora ló sábà máa ń yí ká. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tọ́jú òun bí ọba, kó wọ ìyẹn. Ìyàwó àbúrò wa kò béèrè fún ìyẹn. Ó béèrè fún ibi tó jìnnà.

* * *

Ní ti Màmá. Àríyànjiyàn ti gbóná lórí èyí, àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé ìwà ọ̀dájú ni láti gbé ẹni ọdún 74 lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú nọ́ọ̀sì wò ó.

Ọjọ́ orí kọ́ ni ìṣòro, orúnkún ni. Ní Taiohae, Hakahau àti Atuona, ọkọ̀ lè fara kan èbúté, èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Ní àwọn ibòmíràn, bíi erékùṣù Fatu Hiva, ọkọ̀ á dúró sójú agbami, wọ́n á sọ ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ sómi, inú rẹ̀ lẹ máa bọ́ sí kí ó tó gbé yín dé etíkun. Ìgbì á máa gbé e sókè, á máa sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe iyè méjì nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́sẹ̀. Àwọn atukọ̀, géńdé ọmọ Marquesas tí fínfín bo apá àti itan wọn, á di yín mú lápá méjèèjì; nígbà tí wọ́n bá ní ẹ gbésẹ̀, ẹ gbésẹ̀. Mo rí màmá ọmọ Faransé kan tó ju ẹni 80 ọdún lọ, wọ́n gbé e bí ọmọ jòjòló wọ inú ọkọ̀ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi tó jẹ́ ẹni 66 nígbà náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, nítorí pé ó di fóònù mú lọ́wọ́ kan.

Tí Màmá bá ń gun àkàbà ilé n'Ìbàdàn láìdi nǹkan mú, á lè lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀pá ló fi ń rìn, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ilé ìwòsàn wà ní Taiohae, ní Nuku Hiva, ṣùgbọ́n àìsàn tó bá le, bàálù ló máa gbé e padà sí Papeete. Adójútòfò tó máa san owó bàálù yẹn, ẹ má fi í ṣeré. Ẹ ka gbogbo ìwé rẹ̀ tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìyàwó yín tí kò mọ̀wẹ̀, ẹ̀rù ò bà mí nítorí tirẹ̀. Èmi náà ò mọ̀wẹ̀. Wọ́n á fún yín ní ẹ̀wù agbáni-léfòó. Marquesas fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi ìwẹ̀ púpọ̀: òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ló yọrí láti inú agbami, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òkìtì iyùn tó yí i ká, ìgbì òkun ń lu àpáta tààrà. Ọ̀sà tó parọ́rọ́ wà ní Fakarava àti Rangiroa tí ọkọ̀ ń yà lọ́nà. Níbẹ̀ mo rìn wọ omi títí dé àyà, ẹja kéékèèké ń yí mi lẹ́sẹ̀ ká. Ìyẹn tó.

* * *

Físà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí àṣìṣe ti wà nínú ohun tí àwọn kan kọ lókè.

Ẹnì kan ní níwọ̀n bí Tahiti ti jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé, físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ti tó. Kò tó. Faransé ló ni ilẹ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ kò sí lábẹ́ Schengen. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ béèrè fún físà tí wọ́n kọ Polynésie française, orúkọ ilẹ̀ náà lédè Faransé, sí lára gbangba. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́ fẹ́ bá wa lọ. Aṣojú ìrìnàjò tó bá a ṣètò ní Schengen rẹ̀ kò ní wàhálà. Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n ti dá a padà. Ó sunkún lójú wa, a ò sì lè ṣe nǹkan kan. Owó rẹ̀ kò padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà, ẹ lè lo ọjọ́ 90 láìgba físà. Ti Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí ọ̀rọ̀ fi lè wọ́: tí Màmá bá fẹ́ gba Los Angeles tàbí San Francisco kọjá, ó gbọ́dọ̀ ní físà Amẹ́ríkà lọ́wọ́, kódà bó bá jẹ́ pé wákàtí méjì ni bàálù fẹ́ dúró. Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó sínú pápákọ̀ kó kọjá lọ láìwọ ìlú wọn. A gba Paris, bàálù náà sọ̀ sí Los Angeles, gbogbo wa la bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpò, tí a tò, tí a tẹ̀ka, kí a tó tún padà sínú bàálù kan náà. Tí Màmá bá ti máa ń wá kí yín ní Houston, á jẹ́ pé ìyẹn ti yanjú. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ yín, kó sinmi bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá jọ gbéra. Láti etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dé Papeete ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kó ti Èkó dé Tahiti lẹ́ẹ̀kan.

Kí ẹ sì dé Papeete ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra. Ọkọ̀ ẹrù kì í dúró de ẹnì kan.

* * *

Èébì ńkọ́? Ẹni tó béèrè èyí lálẹ́ àná, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ó ti yẹ kí n sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo bì. Ọjọ́ kan gbáko tí a ò rí ilẹ̀, láàárín Fakarava àti Nuku Hiva, òòyì kọ́ mi láti àárọ̀ dalẹ́. Atalẹ̀ tútù tí mo ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ló ràn mí lọ́wọ́, pẹ̀lú oògùn tí mo ti lò kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí. Tẹ́ ẹ bá dúró di ìgbà tí èébì bá dé ọ̀fun kí ẹ tó lò ó, ó ti pẹ́ jù. Ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀, láàárín ọkọ̀. Òkè lọ́hùn-ún lẹ ti máa rí ìran tó dára, òkè náà ló sì ń mì jù.

* * *

Oúnjẹ. Wọ́n ní ẹ ò lè rí nǹkan gidi jẹ níbẹ̀, àfi búrẹ́dì Faransé. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ifẹ̀ ni mí. Nígbà tí iṣu bá wọ́n, gbẹ̀rẹ̀fútù ni ìyá mi àgbà máa ń sè, tí yóò gún un bí iyán, tí a óò fi ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́. Igi rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ní gbogbo ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé igi Ifẹ̀ ni.

Ìgbà tí a dé Hatiheu, ní Nuku Hiva, tí wọ́n mú wa wọ inú igbó tí ìpìlẹ̀ ilé òkúta àtijọ́ wà, igi gbẹ̀rẹ̀fútù ló yí wa ká lọ́tùn-ún lósì. Mei ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, Tahiti ń pè é ní uru. Afinimọ̀nà wa tọ́ka sí àwọn kòtò ńlá nínú ilẹ̀. Ó ní inú wọn ni àwọn bàbá ńlá òun ń rọ gbẹ̀rẹ̀fútù sí kó lè kan, kó lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí ìyàn. Títí di òní, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ òkúta gún èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, wọ́n á fi èyí tó kan pò ó, popoi lorúkọ rẹ̀. Ó kan lẹ́nu bíi fùfú tó ti lo ọjọ́ púpọ̀ nínú omi. Bàbá kan ń gún un lórí pátákó gbọọrọ, ó ń ki ọwọ́ bọ omi láàárín ìgbà tí ọwọ́ ń lọ tí ọwọ́ ń bọ̀, kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Ọkọ mi rò pé èéfín ni.

Apá ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni igi náà ti rìn jáde. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán ọkọ̀ Bounty sí Tahiti, kó lè kó irúgbìn rẹ̀ lọ gbìn fún àwọn ẹrú ní Caribbean. Àwọn atukọ̀ rẹ̀ dìtẹ̀ lójú òkun lọ́dún 1789, wọ́n sì da igi náà sómi. Ọdún 1793 ni ọkọ̀ mìíràn tó gbé e dé St Vincent àti Jamaica. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Breadfruit Street tí ṣọ́ọ̀ṣì St Paul wà, orúkọ igi yìí kan náà ni.

Ewúrẹ́ tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè wà, ẹja tútù tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti wàrà àgbọn pò wà, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi òkúta gbígbóná sè nínú ilẹ̀ wà. Ata ni kò sí. Ẹ gbé ata gígún tiyín dání, kí ẹ dì í dáadáa.

* * *

Kòkòrò: nónò lorúkọ rẹ̀. Ìbátan amùkúrù wa ni èyí tó dúdú, òmíràn funfun tó ń gbé inú iyanrìn etíkun. Kì í fún èèyàn ní àrùn, àmọ́ ibi tó bá bù jẹ á wú, á máa yún fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má họ ọ́. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, òróró àgbọn lára, ìyẹn náà tó. Ẹni tó sọ pé òun ò lọ mọ́ nítorí nónò, ṣé kò sí ẹ̀fọn ní Lẹ́kkí ni?

* * *

Ẹnì kan bínú pé mi ò mẹ́nu ba Gauguin, ayàwòrán ọmọ Faransé, nígbà tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lọ sí Atuona. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni.

Ó kú sí Atuona, ní Hiva Oa, lọ́jọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1903, ibojì rẹ̀ wà lórí òkè tó kọjú sí òkun. Àwòrán rẹ̀ lẹ́wà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin tó kó sílé níbẹ̀ àti ní Tahiti, ọmọdé ni wọ́n, ọdún 13, ọdún 14. Mo ti fi ogójì ọdún tọ́jú obìnrin, mi ò lè gbé òdòdó lọ síbẹ̀ láé. Àwọn tó gbé òdòdó lọ sọ pé ayé ìgbà yẹn yàtọ̀. Ìyá àwọn ọmọ náà ńkọ́, ṣé ayé tiwọn náà yàtọ̀?

Ibi tí mo dúró sí ni ibojì Jacques Brel, olórin ọmọ Belgium, tó wà nítòsí. Àìsàn jẹjẹrẹ ló gbé e kúrò láyé lọ́dún 1978. Nígbà tó ń gbé Atuona, ó ní bàálù kékeré kan, ó fi ń gbé lẹ́tà àti aláìsàn láàárín àwọn erékùṣù. Àwọn àgbà ìlú ṣì ń sọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rí iṣẹ́ ọnà, ẹ lọ sí Puamau, ní òdìkejì erékùṣù kan náà. Ère òkúta Takaii wà níbẹ̀, ó ga ju mítà méjì àtààbọ̀ lọ, ojú rẹ̀ roboto, ọwọ́ rẹ̀ lórí ikùn. Ẹni tó bá ti rí ère òkúta Èsìẹ́ rí á mọ bí ó ti ń rí kí òkúta máa wo èèyàn. UNESCO kọ orúkọ àwọn erékùṣù yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé lọ́dún 2024. Te Henua Enata ni àwọn fúnra wọn ń pè é, ilẹ̀ àwọn ènìyàn. Nígbà tí òyìnbó kọ́kọ́ dé lọ́dún 1595, tìbọn-tìbọn ni wọ́n wá, wọ́n pa èèyàn ní Vaitahu, ní erékùṣù Tahuata. Àìsàn tí ọkọ̀ òyìnbó gbé dé lẹ́yìn náà ló tún pa jù. Ní bí ọdún 1920 sí 1930, gbogbo Marquesas kò ju bí 2,000 èèyàn lọ mọ́. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí mo rí obìnrin tó wá gba fìríìjì pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin.

* * *

Ìbéèrè kan tí mi ò retí: ṣé ẹja ibẹ̀ kò ní májèlé bọ́ǹbù átọ́míìkì? Ìbéèrè gidi ni, àwọn tó fi ẹni tó béèrè ṣe yẹ̀yẹ́ kò ṣe dáadáa.

Láti 1966 dé 1996, Faransé dán bọ́ǹbù 193 wò ní Moruroa àti Fangataufa. Àwọn méjèèjì wà nínú ọ̀wọ́ erékùṣù Tuamotu, lápá gúúsù ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, wọ́n jìnnà gan-an sí ibi tí Aranui ń gbà. A jẹ ẹja lójoojúmọ́ bí àwọn aráàlú ti ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbi àdánwò náà, tí jẹjẹrẹ mú, ṣì ń bá Faransé fa ọ̀rọ̀ owó ìtanràn títí di òní.

Ó sì kàn wá. Kí wọ́n tó gbé e lọ síbẹ̀, aṣálẹ̀ Sàhárà, ní Algeria, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń dán an wò, atẹ́gùn sì ń gbé eruku rẹ̀ bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Oṣù kìíní ọdún 1961 ni ìjọba Balewa lé aṣojú Faransé kúrò ní Nàìjíríà nítorí rẹ̀. Mo sọ èyí fún àgbàlagbà kan ní Fakarava, ẹni tó gbọ́ Faransé láàárín wa ló ń túmọ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó, ní ṣókí. Faranki Pàsífíìkì ni wọ́n ń ná, wọ́n so ó mọ́ yúrò, 1,000 rẹ̀ jẹ́ yúrò 8.38. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kùtọnu mọ irú ètò yìí nípa sẹ́fà, àmọ́ wọn ò gba sẹ́fà níbẹ̀ o. Ní Fatu Hiva àti Tahuata, kò sí báńkì, owó lọ́wọ́ ni. Ẹ ṣẹ́ owó sí wẹ́wẹ́ ní Papeete. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta àti ìrìn pẹ̀lú afinimọ̀nà wà nínú owó ọkọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ibùsùn alájọsùn wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí a bá pàdé ibẹ̀ ni wọ́n sùn, inú ilé oúnjẹ kan náà la jọ ń jẹun.

Ẹ má máa ná ọjà pẹ̀lú wọn bíi ti Dùgbẹ̀. Iye tí wọ́n bá pè ni iye tó jẹ́. Ẹni tó kọ̀wé pé òun ná an títí ó fi já a sí ìdajì, ó dùn mí. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni obìnrin náà tà fún yín.

Àti pé aago Marquesas yàtọ̀ sí ti Tahiti pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Aago mẹ́fà àárọ̀ ní Nuku Hiva jẹ́ aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ n'Ìbàdàn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí Màmá bá fẹ́ pe ilé.

* * *

Àbúrò ti Houston padà wá. Ó ní àwọn ti pinnu, àwọn máa lọ, Màmá sì ti gun àkàbà ilé ìjọsìn wọn lẹ́ẹ̀mẹta láti fi hàn pé orúnkún òun le. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò tíì gbà, àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń san. Ó ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní fẹ́ kí àwọn pàdánù.

Omoa ni, ní Fatu Hiva. Àwọn tó lágbára á fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ gba orí òkè dé Hanavave, bí kìlómítà 17. Ẹ̀yin àti ìyàwó yín, tẹ́ ẹ bá lè rìn ín, ẹ rìn ín. Ìgbà tí ẹ bá dé orí òkè tí ẹ rí àwọn òpó òkúta Hanavave nísàlẹ̀, tí ọkọ̀ yín kéré bí ìṣáná lójú omi, ẹ máa rántí mi. Màmá á dúró sí Omoa, á wọ ọkọ̀ dé ọ̀hún bí èmi náà ti ṣe.

Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lu èèpo igi títí á fi di aṣọ, tapa ni wọ́n ń pè é. Èèpo gbẹ̀rẹ̀fútù ń di aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀, ti igi mìíràn á funfun. Obìnrin kan wà tó ń ṣe é lábẹ́ páànù bulu, lọ́wọ́ ọ̀tún tí ẹ bá ti gòkè láti etíkun, kó tó kan ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó rí gèlè àdìrẹ tí mo wé, ó fi igi ìlùlù sílẹ̀, ó dì í mú, ó yí i sódì, ó tún yí i sójú, ó ń béèrè bí àwòrán náà ṣe dé ara rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya àwòrán sí aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ó ní kí n fi irú aṣọ náà ránṣẹ́ sí òun. Mo ṣèlérí, torí gèlè kan ṣoṣo yẹn ni mo gbé dání nígbà náà, orí mi ló sì wà, oòrùn ń mú.

Mo ti ra aṣọ náà. Ọ̀pá mẹ́rin ni, ẹlẹ́kọ gidi, Abẹ́òkúta ni mo ti rà á nígbà tí mo wálé ní Kérésìmesì. Ẹ kọ àdírẹ́sì yín sí mi ní kọ̀rọ̀, màá fi ránṣẹ́ sí Houston. Ẹ jẹ́ kí Màmá gbé e sínú àpò tirẹ̀, kó sì rí i pé ó fi lé obìnrin náà lọ́wọ́.